Ìkarahun Ìgbín Nínú Iná Àpòmù

Orí ìkúnlẹ̀ ni Ẹfúnkẹ́ ti kọ́kọ́ rí i, ọkùnrin gìrìwò, apá rẹ̀ dúdú fún èédú, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó ìkarahun ìgbín sínú àpò lẹ́yìn ìsọ̀ obìnrin náà ní ọjà Àpòmù. Kì í ṣe ìgbín o. Ìkarahun. Ohun tí ajá gan-an máa ń gbóòórùn kó tó yà fún un.

Ọmọ Ìkirè ni Ẹfúnkẹ́, ìgbín ló ń tà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń yọ ẹran ìgbín lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹran ń bẹ níwájú. Èyí tí ẹ ń kó yẹn, kò séyín tó lè rún un."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Kò tijú. "Èmi kọ́ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Iná ni."

Nàfísátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ata nítòsí, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹfúnkẹ́, wo ọkọ tó wá ọ wá. Iná ló ń bọ́."

"Ọkọ ta ni?" Ẹfúnkẹ́ ní. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe gbé àpò kọ́ èjìká tó ń lọ, ojú rẹ̀ sìn ín títí dé ìdí igi odán. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: ta ni kò mọ ohun tí irú wíwò bẹ́ẹ̀ máa ń bí?

Ní ọjà tó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà bá ìkarahun ní fífọ̀, wọ́n ti sá a sóòrùn, ó ń dán.

"Ta ló bá mi fọ̀ ọ́?"

"Òjò ni," Ẹfúnkẹ́ dáhùn, kò wojú rẹ̀.

"Nínú ọyẹ́ yìí?"

"Òjò tiwa ní Ìkirè kì í wo oṣù."

Báyìí ni wọ́n ṣe dọ̀rẹ́. Abíọ́nà ni orúkọ ọkùnrin náà, alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ. Kò pẹ́ tí Ẹfúnkẹ́ fi ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìkarahun lọ sí ilé arọ rẹ̀, níbi tó ti ń rọ irin, bí ẹni pé ìkarahun kò lè rìn dé ibẹ̀ láìsí òun.

Ibẹ̀ ló ti rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Abíọ́nà máa ń sun ìkarahun títí yóò fi funfun, á lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹfun. Á kó àjákù irin sínú ìkòkò amọ̀ tó nípọn, á fi ẹwìrì fẹ́ná sí i títí irin á fi yọ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà náà ni yóò bu ẹfun ìkarahun wọ́n ọn. Gbogbo ẹ̀gbin inú irin á dì mọ́ ọn, á sì léfòó: ìdàrọ́ nìyẹn. Abíọ́nà á wá mú ọ̀pá gígùn, á máa fà á kúrò díẹ̀díẹ̀.

"Ara ọkọ̀ tó ti kú la ń rí lò nísinsìnyí," ó ṣàlàyé fún un. "Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí irin yẹn ti jẹ. Bí ìdàrọ́ bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, ibi tó bá sá pamọ́ sí ni àdá yóò ti dá."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá bàbá mi ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá mi ní wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó pa á tì." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tó sọ èyí.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé arọ yẹn: bí alágbẹ̀dẹ bá ti ń fa ìdàrọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹfúnkẹ́ tí kì í dákẹ́ fún baálẹ̀, á jókòó lórí àpótí, á di ètè méjèèjì mọ́ra bí ẹni tó gbómi sẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, Abíọ́nà sọ ọ̀pá sílẹ̀. "Ẹfúnkẹ́, ìkarahun ti tó mi. Wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ìgbín gan-an ni mo ń bá lọ báyìí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Èmi ti gbà tipẹ́, ìwọ lo ń fẹ́ná. Bàbá mi ló kù. Gbá orí rẹ mú kó o tó wọlé tọ̀ ọ́."

Kì í ṣe àwàdà. Adéọlá, bàbá Ẹfúnkẹ́, àgbẹ̀ kòkó ni ní Ìkirè. Ìka ìlábẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àdá ló dá mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń gé ẹ̀ka, tí irin fi fò padà. Bàbá Abíọ́nà ló sì rọ àdá náà.

"Ilé arọ yẹn?" Adéọlá ní. "Wọ́n ti jẹ ìka mi, wọ́n tún fẹ́ wá jẹ ọmọ mi."

Ẹfúnkẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó kọ oúnjẹ. Nígbà tí ara baba kò gbà á mọ́, ó na ọwọ́ sókè àjà, ó yọ àdá tó gé e níka lọ́jọ́sí, ó jù ú sílẹ̀.

"Kó fi èyí rọ òmíràn. Bí mo bá rí àbùkù lára rẹ̀, kó má gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá mọ́ láéláé."

Lọ́jọ́ tí Abíọ́nà máa yọ́ ọ, Ẹfúnkẹ́ wà níbẹ̀. Irin ti yọ́, ìdàrọ́ ti léfòó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ Abíọ́nà. Ayọ̀ gun ọmọbìnrin náà.

"Ọkọ mi," ó ní, "rọra o, irùngbọ̀n rẹ ń fẹ́ jó."

Kò pe Abíọ́nà lọ́kọ rí. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Nígbà tí àdá jáde, ó dán bí omi. Abíọ́nà gbé e lọ sí Ìkirè níwájú àwọn àgbà ilé. Adéọlá fi gé ìtì igi lójú wọn, igi là sí méjì. Ó yí i wò lọ́tùn-ún, ó yí i wò lósì. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ó dára," ó ní. "Mo gbà á."

Ọkàn Ẹfúnkẹ́ fò sókè. Ṣùgbọ́n Abíọ́nà gba àdá náà, ó fi èékánná ta á, ó dẹtí sí i. Àwọn tó kù gbọ́ ìró irin. Òun gbọ́ ibi tí ìró náà ti gé.

"Ẹ máà bínú, Bàbá. Ẹ má gbà á." Ó gbé àdá lé orí òkúta, ó fi òòlù lù ú. Àdá dá. Nínú ibi tó ti dá, ààmì dúdú kan wà, kò ju ojú ẹ̀wà lọ.

"Ta ló rán ọ?" Adéọlá bi í. "Ṣé o ò gbọ́ pé mo ti gbà ni?"

"Ọwọ́ yín ni yóò dì í mú, Bàbá."

Adéọlá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Kí ló fà á?"

"Ojú mi kúrò nínú ìkòkò."

"Ó lọ síbo?"

Ẹfúnkẹ́ ló kúnlẹ̀. "Ọ̀dọ̀ mi ni, Bàbá. Èmi ni mo sọ̀rọ̀."

"Ìwọ náà ni. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti bí ọ, iṣẹ́ wo lẹnu rẹ kò bàjẹ́ rí?" Baba yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ṣa àwọn àfọ́kù yẹn. Lọ tún un yọ́. Èmi ni máa jókòó tì ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. N kò rò pé ẹwà tèmi lè mú ojú rẹ kúrò nínú iná."

Ó sì lọ lóòótọ́. Ẹni tó ti búra pé òun kò ní tẹ ilé arọ yẹn mọ́, ó jókòó lórí àpótí Ẹfúnkẹ́ ní Àpòmù, ó dákẹ́, ó ń wo bí ọmọ ẹni tí àdá rẹ̀ gé e níka ṣe ń fa ìdàrọ́ títí ojú irin fi mọ́ kedere. Ó fi àdá tuntun náà ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò kòkó. Nígbà tí kòkó parí, ó gbé e ti ẹnu ọ̀nà, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Sọ fún ọmọ Àpòmù yẹn kó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá."

Ọjọ́ tí wọ́n sin Ẹfúnkẹ́ lọ sílé ọkọ, apẹ̀rẹ̀ ìkarahun fífọ̀ wà lára ẹrù ìyàwó. Nàfísátù ló rù ú, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí apẹ̀rẹ̀ fi fẹ́ já bọ́.

Nígbà tí Abíọ́nà kọ́kọ́ dáná lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àpótí. Irin yọ́. Ìdàrọ́ léfòó. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀ dẹ́mú, ó gbé e mì. Abíọ́nà fà á, ó fà á, títí kò fi sí ohun dúdú kan mọ́. Ó da irin náà, ó sọ ọ̀pá sílẹ̀, ó nu òógùn ojú, ó wá yíjú sí i.

"Ó ti mọ́. Ó yá, sọ ọ́."

"Ọkọ mi," Ẹfúnkẹ́ ní.