Káàdì Tó Ń Gbààwẹ̀

Tí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù nílé iṣẹ́ oníke kan báyìí ní Ọgbà, ẹ̀rọ á dákẹ́, àwọn obìnrin tó ń di ọmọrí ìgò sínú páálí á sì jáde síta lọ jẹun. Páálí tó ti ya ni wọ́n máa ń jókòó lé. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ àdúgbò ti ń kọjá, látorí ọmọ tó ń hu eyín dórí ọkọ tí kò wálé.

Lọ́jọ́bọ̀ tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ó ku ọjọ́ méjì péré. Ayọ̀tọ́lá nìkan ni ò dá sí i. Ààwẹ̀ ló wà, kò sì mú oúnjẹ wá.

"Ayọ̀, ìwọ ńkọ́? Ibo lo ti máa dìbò?"

Fàúsát ló béèrè. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ gba àwọn méjèèjì síṣẹ́, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìyẹn ò sì ní kí wọ́n má mumi nínú ike kan náà.

"Ìjọba ọ̀run lèmi ń dìbò fún ní tèmi," ni Ayọ̀tọ́lá fèsì. "Káàdì wa wà nínú ààwẹ̀."

"Káàdì ń gbààwẹ̀?" Búrẹ́dì dúró sẹ́nu Fàúsát. "Kí ló ń jẹ tẹ́lẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ayọ̀tọ́lá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ṣàlàyé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Òwúrọ̀, ẹni tó bá ń wáṣẹ́ a máa gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ síwájú pẹpẹ kí wọ́n gbàdúrà sí i. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò á gbé ìwé ìrìnnà wá, ẹni tó ra ọkọ̀ á gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Ayọ̀tọ́lá ni ìyá ẹgbẹ́ aládùúrà. Nígbà tí Arákùnrin Olúwalóṣèyí wá dábàá pé kí wọ́n kó káàdì ìdìbò gbogbo ọmọ ìjọ jọ, kí wọ́n gbààwẹ̀ lé e lórí kí Ọlọ́run lè yan aṣáájú rere, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ káàkiri. Káàdì mẹ́rìndínlógójì ló kó jọ.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí arákùnrin yìí dara pọ̀ mọ́ wọn o. Ṣùgbọ́n ó ti ra fáànù méjì fún ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n tó bá ń gbàdúrà. Ẹni bá rí i á rò pé àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀run dé.

"Ìrọ̀lẹ́ òní ló máa wá kó wọn lọ sórí òkè," ni Ayọ̀tọ́lá wí. "Ó máa fi ọjọ́ mẹ́ta gbàdúrà lé wọn. Tó bá di Sọ́ńdè, á kó wọn padà wá."

Fàúsát ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọjọ́ wo ni ìdìbò?"

"Sátidé."

"Ọjọ́ wo ló ní òun máa kó káàdì dé?"

Ayọ̀tọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló ti ń ka ọjọ́ ààwẹ̀, kò ka ọjọ́ ìdìbò mọ́ ọn rárá.

"Ayọ̀, èmi kì í ṣe onígbàgbọ́ bíi tìẹ," ni Fàúsát sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò dáa létí mi. Wá àgbàlagbà bi léèrè kílẹ̀ òní tó ṣú."

Wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ, àmọ́ ọwọ́ Ayọ̀tọ́lá ò balẹ̀. Ọmọrí pupa ló ń dì sínú páálí aláwọ̀ ewé. Olùṣọ́àgùntàn wọn lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú, tí nǹkan bá bàjẹ́, ọrùn òun ni gbogbo rẹ̀ máa já lé.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ ní aago méjì, kò yà sílé ju kó gbé báàgì tí káàdì wà nínú rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹkúndayọ̀ ló gbà lọ. Alàgbà ìjọ ni bàbá yìí. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti bá àjọ elétò ìdìbò ṣiṣẹ́ nígbà púpọ̀. Àwọn nìkan ni kò ju káàdì sínú abọ́, àwọn ará ìjọ sì ti ń sọ lẹ́yìn wọn pé ìgbàgbọ́ bàbá ti tutù.

Ayọ̀tọ́lá kúnlẹ̀, ó rò ó látòkèdélẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Káàdì mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ báyìí?"

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, sà."

"Mẹ́rìndínlógójì ni mo gbọ́ pé ẹ kó jọ."

Ayọ̀tọ́lá tẹ orí ba. "Arákùnrin Olúwalóṣèyí ti mú mẹ́ta lọ ní Sọ́ńdè tó kọjá, sà. Wọ́n ní tàwọn ìyá àgbà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun òkè."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, òfin ò gbà kí káàdì ìdìbò ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń rà á, ẹni tó ń tà á, ẹni tó kó tẹlòmíràn pamọ́ láìnídìí, gbogbo wọn ló lè sanwó ìtanràn, wọ́n sì lè fẹ̀wọ̀n jura. Tí ọlọ́pàá bá tú báàgì rẹ wò lójú ọ̀nà lónìí, ta lo máa sọ fún wọn pé ó ni ín?"

Ayọ̀tọ́lá rọra ti báàgì náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo báàgì náà bí ẹni pé ejò wà nínú rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, sà? Wọn ò kúkú lè fi káàdì mi dìbò. Ojú wa ò jọra, ìka wa ò jọra."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó fẹ́ fi dìbò? Tí ìwọ náà ò bá ti rí i fi dìbò, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ parí nìyẹn. Ó mọ̀ pé àdúgbò wa ò ní dìbò fún olóṣèlú tó rán an. Ó kàn fẹ́ kí ẹ jókòó sílé ni. Kò sí káàdì, kò sí ìbò."

Omijé ti ń bọ̀ lójú Ayọ̀tọ́lá. "Mo rò pé àdúrà tó ni, sà. Ṣebí Ọlọ́run ló ń yan aṣáájú?"

"Òun ni. Òun náà kọ́ ló ń fún wa lóúnjẹ òòjọ́ bí? Kí ló wá dé tó o fi ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ lọ sílé iṣẹ́?" Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n tún fajú ro. "Nígbà tí Nehemáyà ń mọ odi Jerúsálẹ́mù, tí àwọn ọ̀tá ní àwọn ń bọ̀, ó gbàdúrà. Ó tún yan àwọn èèyàn tó ń ṣọ́ odi tọ̀sán tòru. Ká ní ó ti ṣe àmín kó sì lọ sùn ni, ọ̀tá ì bá ti wó odi náà lé wọn lórí. Ẹ gbàdúrà, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi rìn lọ dìbò."

Aago márùn-ún kò tíì lù tí Arákùnrin Olúwalóṣèyí fi dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àpò dúdú kan. Ó bá Ayọ̀tọ́lá àti Bàbá Ẹkúndayọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Aládùúrà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa! Àwọn áńgẹ́lì ti ń retí wa lórí òkè o."

Ayọ̀tọ́lá di báàgì náà mọ́ àyà. "Arákùnrin, mi ò ní lè kó káàdì fún yín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ yín padà."

"Háà! Ẹ fẹ́ já ààwẹ̀ lójú ọ̀nà? Ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀yìn irú ẹ̀ yọ?"

Ọ̀rọ̀ náà bà á lẹ́rù, ká má parọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti fi irú gbólóhùn yẹn pa lẹ́nu mọ́. Bàbá Ẹkúndayọ̀ ló bá a gbà á.

"Òkè wo gan-an ni, ọmọ mi?"

"Lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni, sà."

"Òkè wo lójú ọ̀nà Ìbàdàn? Ẹ jẹ́ á jọ lọ. Mo ti wẹ̀."

Arákùnrin wo fóònù rẹ̀, ó ní ẹnì kan ń pe òun, ó sì bọ́ síta lọ dáhùn ìpè náà. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìpè ọ̀hún ò tíì parí.

Wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀ títí, kò wọlé. Bàbá lọ fẹjọ́ sun ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì kàn sí ọ́fíìsì elétò ìdìbò. Ayọ̀tọ́lá ní tirẹ̀ dá káàdì padà nínú òjò. Ó dúró sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́ kó lè rí àwọn ará ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó wọ ilé dé ilé ní Ọgbà, ó dé Dópẹ́mù. Ó ń tọrọ àforíjì bó ṣe ń pín in. Àwọn kan dúpẹ́. Obìnrin kan tiẹ̀ bi í léèrè bóyá káàdì òun ti gba àdúrà tó, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ayọ̀tọ́lá pẹ̀lú ẹkún lójú.

Nínú àwọn ìyá mẹ́ta tí káàdì wọn lọ, ó rí méjì. Ọ̀kan ṣépè, èkejì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, Màmá Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, ni kò lè lọ bá. Ó dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yí padà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá Olúwalóṣèyí á tan fóònù. Kò tàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ọkọ̀ kan lójú títì. Ayọ̀tọ́lá rìn dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń dìbò. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dé ibẹ̀ láyé rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó sì ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ni Màmá Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí. Wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú gbogbo ìlà, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ lọ gba ara Olúwa.

"Ayọ̀tọ́lá! Mo mọ̀ pé o máa mú un wá bá mi. Mo ti wà níbí láti aago mẹ́fà ààbọ̀. Níbo ló wà?"

Ayọ̀tọ́lá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Màmá tú gèlè wọn, wọ́n ká a sórí itan. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé gọ́tà tó ti ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ wá ti ya wọ yàrá màmá lẹ́ẹ̀mẹta nínú òjò ọdún yìí nìkan. Orí búlọ́ọ̀kù ni bẹ́ẹ̀dì wọn wà. Kò sí olùdíje kan tó kọjá tí màmá ò bi léèrè ọ̀rọ̀ gọ́tà, wọ́n sì ti yan ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún sọ́kàn.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń retí òní," ni wọ́n wí. "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mí. Ṣé mo máa rí ọdún mẹ́rin mìíràn?"

"Ẹ dárí jì mí, mà. Èmi náà ò ní dìbò mọ́. Kò yẹ mí. Mo máa jókòó tì yín."

Màmá bá yíjú sí i. Ojú wọn pọ́n.

"Dìde níbẹ̀. Ìbò mẹ́ta ni arákùnrin yẹn jí lọ lọ́wọ́ wa. Tí ìwọ náà bá jókòó, ó di mẹ́rin. Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá a parí iṣẹ́ rẹ̀ ni? Lọ tò!"

Ayọ̀tọ́lá dìde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún, ó lọ tò. Ó ń sunkún títí tó fi kàn án, ó sì dìbò. Nígbà tó jáde, Màmá Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ṣì wà lórí àpótí wọn, wọ́n ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé.

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ẹ jẹ́ ká fi ti Màmá yìí gbọ́n. Ẹ gbàdúrà kí ìdìbò tó dé, ẹ gbààwẹ̀ bí ẹ bá lè gbà á, ṣùgbọ́n káàdì yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má fún wòlíì, ẹ má fún olóṣèlú, ẹ má sì fún ọ̀rẹ́ tó ní òun fẹ́ bá yín tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kó káàdì jọ ládùúgbò yín, ì báà jẹ́ lórúkọ Jésù, ẹ pe ọlọ́pàá tàbí àjọ elétò ìdìbò kíá. Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, ẹ má fi ìpàgọ́ tàbí ìsìn sí ọjọ́ ìdìbò.

Ìka tó bá tọ́ símú la fi ń romú. Ọlọ́run ti fún wa ní ìka náà, kò ní bá wa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Tó bá di ọjọ́ ìdìbò, ẹ jí, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ṣe àmín, kí ẹ wá mú káàdì yín, kí ẹ lọ tò.