Àpò Aṣọ Méjì Tó Kù

Èmi kì í purọ́ mọ́ òkú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, lọ́sàn-án gangan.

Ilé ìfọṣọ la wà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀. Ìyá Kékeré ló ń lọ̀ ọ́, èmi ni mò ń ká a.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Ìyá Kékeré ò sinmi lọ́jọ́ kankan. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú. Ó bẹ ọ̀gá wa pé kó fún òun ní ọjọ́ kan péré kóun fi sùn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

"Ta ló máa wá lọ aṣọ? Èmi àbí ìyá mi?"

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Kékeré tètè dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ sídìí tábìlì, ó gbé áyọ́ọ̀nù. Mo ní, "Ìyá Kékeré, ẹ káàárọ̀ o." Kò fọhùn. Mo rò pé ó ń bínú ni. Ta ni ò ní bínú?

Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ ẹ̀ sáré wọlé. Káfíńtà ni.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí! Ìyàwó mi ò jí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jí i..."

Ibẹ̀ ló ti rí i nídìí tábìlì.

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo fi í sí," ó ní. "Ìyá mi ló jókòó tì í. Èémí ẹ̀ ń relẹ̀."

Áyọ́ọ̀nù nìkan ló ń dún, ṣàà, ṣàà. Ọkọ ẹ̀ di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó yára fi í sílẹ̀. Ó ní ó tutù bí omi kànga. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá.

"Mo pè é, kò gbọ́ tèmi. Tiyín ló máa gbọ́. Ẹ ní kó máa bọ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá kúrò níbí, ó máa jí."

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Àpò aṣọ méjì ló kù. Ẹ̀rù ń ba òun náà, mo rí i, àmọ́ òtẹ́ẹ̀lì ń dúró.

"Kó parí ìwọ̀nyí ná," ó ní.

Ẹ wo ìkà! Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú." Ó ní kí n máa ká aṣọ mi. Mo sì ń ká a. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Fóònù ọkọ ẹ̀ dún kí àpò kìíní tó tán. Ìyá ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ò pọ̀. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, ó sáré jáde.

Ìyá Kékeré ò wẹ̀yìn.

Nígbà tí àpò méjèèjì tán, ó dúró, áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ó tó," ọ̀gá wí. "Máa lọ sílé."

Kò lọ. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn ọ̀gá. Ó na ọwọ́. Ọ̀gá bọ́ ọ fún un. Ó lọ̀ ọ́, ó ká a. Ó tún na ọwọ́. Ọ̀gá bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó bọ́ ṣòkòtò. Kí n má tàn yín, inú mi dùn díẹ̀.

"Kò sí mọ́," ọ̀gá ń sunkún. "Ìyá Kékeré, ẹ dákun, kò sí aṣọ mọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

Mo gbé báàgì mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà kí áyọ́ọ̀nù tó tún dún lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn: kò sí aṣọ kankan lórí tábìlì, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló nà sórí ẹ̀. Ọ̀gá ò pariwo. Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé.