Ojú Ẹsẹ̀ Tó Wà Nínú Sìmẹ́ǹtì

Ọwọ́ òsì ni amọ̀nà náà fi gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ọwọ́ òsì yẹn náà ló fi ń pín omi inú ike fún èrò. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni mí, ohun tó sì gbé mi débẹ̀ lọ́jọ́ náà ju ọ̀rọ̀ ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tó dé fìlà òwú wà níwájú wa, ẹnu ìyẹn kì í gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Ọmọ mi, ta ló kọ́ ẹ nílé? Ṣé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń fún àgbà ní nǹkan?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lára mi nìyẹn."

"Èkejì wá ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. Ó kàn gọ̀ díẹ̀ ni."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó mi. Fọ́tò amọ̀nà náà wà lára ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, àpá kan sì wà lókè ojú ọ̀tún rẹ̀ nínú fọ́tò. Lára òun fúnra rẹ̀, òkè ojú òsì ni àpá náà wà. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó ya fọ́tò ló yí i sódì.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, èmi àti ìyàwó mi. Obìnrin ni. Aláriwo ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bó bá ti lajú láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Aránṣọ ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ á máa dún, òun náà á máa sọ̀rọ̀, a ò mọ èwo ló ń bá èkejì díje. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wọ irú bọ́ọ̀sì yẹn kúrò nílùú, tí wọ́n lọ wo adágún. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n wọ̀ dojú dé. Wọ́n rí àwọn yòókù gbé jáde, wọn ò rí tiwa. Ẹni tí kò rí òkú ọmọ rẹ̀ sin, ibo ni yóò ti parí ẹkún rẹ̀?

Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń gbé orúkọ ìyàwó mi mì. Ìyá Aláriwo ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá..." wọ́n á sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí egungun há lọ́fun. Ìyàwó mi á wọlé. Á jókòó sẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ ọmọ rẹ̀, á máa fi aṣọ nu eruku tí kò sí lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ wo omi náà. Mo ní kò sí ohun tí à ń wò níbẹ̀. Ó ní bí mi ò bá tẹ̀ lé òun, òun á dá lọ. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló bà mí: pé ó fẹ́ lọ, kò sì fẹ́ bọ̀. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo tẹ̀ lé e. Mo pinnu pé mi ò ní fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí a ó fi padà délé.

Ọ̀nà náà gùn. Ilé gogoro di ilé kékeré, ilé kékeré di oko. Amọ̀nà dúró láàárín bọ́ọ̀sì, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ìtàn ibi tí a ń kọjá. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ tutù. Ibi tó bá dúró sí, omi díẹ̀ á kù síbẹ̀ nígbà tó bá kúrò.

Adágún náà rẹwà, mi ò ní purọ́. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀, ó sì ṣòro. Òkè yí i ká, igi bo òkè, gbogbo wọn sì tún wà nísàlẹ̀ nínú omi láìsí ìyàtọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ilé, kí n sì fi irin pẹlẹbẹ dán an títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Mi ò tíì rí ilẹ̀ tó dán tó omi yẹn rí.

Amọ̀nà nawọ́ sí afárá pákó kan tó wọ inú omi lọ.

"Ní ìparí afárá yẹn, omi máa ń dákẹ́ ju ibòmíràn lọ. Ẹ lè wo ojú ara yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni inú omi bá kọ́kọ́ nawọ́ sí yín, ẹ má ṣe nawọ́ padà, àfi bó bá dá yín lójú."

"Kí ló máa dá wa lójú?" ìyá onífìlà béèrè.

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn á mọ̀, Màmá."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí! Irọ́ ni wọ́n ń sanwó fún un pé kó máa pa."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ti ń lọ sórí afárá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ rìn dé ìparí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo omi. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò wo omi. Lẹ́yìn wa, ìyá onífìlà figbe ta. Sálúbàtà rẹ̀ ti há sáàárín pákó méjì, ó sì ń fì bí ẹni tí yóò ṣubú sómi.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ gbà mí o! Mi ò mọ omi í wẹ̀!"

Mo yíjú. Mo na ọwọ́ kan sí i, ó jìnnà. Ọwọ́ kejì, èyí tó di ìyàwó mi mú, ni mo fi sílẹ̀ kí n tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò ju ìgbà téèyàn fi ń fa sálúbàtà yọ. Mi ò gbọ́ kí nǹkan já sómi. Ìró kan ṣoṣo tí mo gbọ́ dà bí ìgbà téèyàn rọra gbé aṣọ tutù sórí okùn.

Nígbà tí mo yíjú padà, ìyàwó mi ti dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí omi. Aṣọ rẹ̀ gbẹ. Bàtà rẹ̀ nìkan ló tutù. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá Aláriwo," ó ní, "ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ebi ń pa mí."

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, níwájú gbogbo èrò. Láti ìgbà tí ọmọ wa ti lọ, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá onífìlà ń gbá mi lẹ́yìn, ó rò pé tìtorí òun ni mo ṣe ń sunkún. Amọ̀nà wo ìyàwó mi, ó wo èmi náà, ó sì gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìyàwó mi àti ìyá onífìlà jọ ń tàkùrọ̀sọ títí a fi délùú. Ó bu búrẹ́dì fún mi. Ọwọ́ òsì ló fi fún mi. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló fi fún mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá jẹ ẹ́.

Ilé wa tún wá di ilé. Ó ṣí gbogbo fèrèsé. Ó ń kọrin bó bá ń fọṣọ. Ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Ìyá Aláriwo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e mì. Òótọ́ ni pé ó ṣì máa ń wá ọwọ́ ilẹ̀kùn sí apá ibi tí kò sí. Ó kúrò ní apá ibi tó ti ń sùn lórí ibùsùn láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ó lọ sí apá kejì. Bàtà rẹ̀ sì máa ń tutù láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi gbígbẹ ló gbé e sí. Mo ní ìbànújẹ́ ló kọjá lára rẹ̀. Ilé tí ìjì jà kọjá, ṣé gbogbo nǹkan ibẹ̀ ṣì lè wà ní ipò wọn? Mo ń gbé bàtà náà sójú oòrùn, mi ò béèrè.

Ojú ẹsẹ̀ kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Èmi ni mo ṣe ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra mi nígbà tí a kó dé, tí oyún Aláriwo wà nínú ìyàwó mi. Sìmẹ́ǹtì kò tíì gbẹ nígbà tó gbàgbé, tó sì tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́. Ó ti ṣubú rí nígbà tó wà lọ́mọdé, ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì gun ìka tó tẹ̀ lé e bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ dán an pa, ó ní kí n fi í sílẹ̀.

"Kí ọmọ wa lè mọ̀ pé mo ti débẹ̀ ṣáájú òun," ó ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wẹ̀ tán, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ń kọrin lọ. Mo jáde láti lọ síbi iṣẹ́. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù nílẹ̀, ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú sìmẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Gbogbo ìka rẹ̀ nà gbọọrọ. Mo wo èyí tó wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì. Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì ló gun ìkejì rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo fi ìka kan èyí tó tutù, mo fi kan èyí tó gbẹ. Ó ń kọrin nínú yàrá. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí omi náà fi gbẹ níṣojú mi, tó wá ku ẹyọ ojú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ti ìyàwó mi.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn àjò mìíràn pé, mo sọ fún un pé iṣẹ́ kan wà lọ́nà jíjìn. Ó ní kò burú. Ó bá mi di àpò mi, ó ní kí n tètè dé. Mo ní màá tètè dé.

Amọ̀nà náà ló gba tíkẹ́ẹ̀tì mi. Mo dúró títí èrò fi wọlé tán.

"Ta lo fi tẹ̀ lé mi lọ sílé?"

Kò díbọ́n. "Bàbá, èmi kọ́. Ẹni tó fẹ́ lọ ló lọ, ẹni tó fẹ́ wá ló wá. Wọ́n na ọwọ́ síra wọn." Ó wo fọ́tò ara ilẹ̀kùn. "Bí èmi náà ṣe wá nìyẹn."

Ní ìparí afárá, mo dojú bolẹ̀, mo wo omi. Kò pẹ́ tí mo fi rí wọn. Ìyàwó mi jókòó nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Aláriwo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dirun fún un. Ẹnu Aláriwo ń lọ, kò dúró, bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó mi gbójú sókè, ó rí mi. Ó wò mí pẹ́, ó rọra mi orí pé rárá, ó sì padà sídìí irun tó ń dì.

Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni mo rí i pé ẹnì kan wà láàárín èmi àti wọn. Ojú mi ló ní. Ó ti na ọwọ́, èmi ò sì tíì na tèmi. Ó ń wò mí bí ẹni tí ebi ń pa ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹun. Bí mo bá di ọwọ́ yẹn mú, màá gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń sọ. Ọwọ́ mi gbéra.

Àpò mi yọ̀ kúrò léjìká mi, ó ṣí sórí pákó. Láàárín àwọn irinṣẹ́ mi, mo rí aṣọ ìnura gbígbẹ kan àti ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ká pọ̀. Èmi kọ́ ni mo kó wọn síbẹ̀. Ẹni tí bàtà tirẹ̀ kì í gbẹ ló kó wọn fún mi. Ó ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbẹ bí mo bá ń bọ̀.

Mo fa ọwọ́ mi padà. Ẹni inú omi kò fa tirẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, ẹni tó bá mi di àpò ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi kó tó wo ojú mi.

"Ṣé ẹ rí wọn?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ọmọ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

"Mo rí wọn."

"Ara wọn le?"

"Ó ń dirun fún un. Aláriwo ń sọ̀rọ̀."

Ó jókòó sórí àga ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kì í dákẹ́," ó ní. "Gbogbo wa la máa ń wo ẹnu rẹ̀."

"Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ohun tó ń sọ?"

Ó dìde, ó lọ bu omi wá fún mi. Ó ti na ọwọ́ òsì kí ó tó rántí, ó sì pààrọ̀ ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún náà ń gbọ̀n bí ọwọ́ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, omi sì ń dà sílẹ̀. Ó ti ń kọ́ ọ, mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.