Òkú Mẹ́tàlélọ́gọ́ta Inú Àwo Keje

"Mẹ́rìnlá ti kú, mẹ́sàn-án ṣì wà láàyè," ni Kíákíá ń sọ fún ara rẹ̀, ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ìka rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ ìkàye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà ń dún tá-tá-tá. Ọrùn ń dùn ún, ìdí ń ro ó, aago mẹ́ta sì ti fẹ́ lù. Aago mẹ́rin géérégé ni bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀.

Kíákíá kọ́ ni orúkọ tó wà nínú ìwé ilé-ìwé rẹ̀ o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé bí wọ́n bá ń ṣe ìdánwò, òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde. Á fi ìwé lé olùkọ́ lọ́wọ́, á wá máa wo àwọn tó kù bí ẹni ń wo ìgbín tó ń gun ògiri. Pé máàkì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ga, ìyẹn kò dí i lọ́wọ́ láti máa yangàn.

Nígbà ọlidé gígùn yìí, àǹtí rẹ̀ tó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀ mú un wá sí láàbù tó ti ń ṣe ìwádìí. Àdéhùn wọn kò le. Bí Kíákíá bá bá wọn ka sẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó sì kà á dáadáa, orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí pátákó ìwádìí tí wọ́n máa gbé síwájú àwọn dókítà tó ń bọ̀ láti ibi gbogbo. Kò sí ohun tí ọmọ náà fẹ́ láyé yìí tó ju ìyẹn lọ. Bàbá àgbà rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé orúkọ náà ti wà níbẹ̀.

Ohun tí Àǹtí ń wádìí kò ṣòro láti lóye bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. "Inú ara wa dà bí ilé ńlá," ló wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ayálégbé. Bí àkókò ayálégbé kan bá tó, á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, á gbálẹ̀, á rọra lọ. Òmíràn ńkọ́? Á fọ́ ilẹ̀kùn, á da omi ìdọ̀tí lu gbogbo ará ilé, inú á bí wọn, ilé á dàrú. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọkàn èèyàn dáadáa, irú àwọn oníjàgídíjàgan yìí ló ń pọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀nà èémí bá sì wú, wọn kì í wọ́n níbẹ̀ náà. Oògùn tó máa pẹ̀tù sí wọn nínú la ń wá."

Àlàyé yìí ni Kíákíá gbé lọ bá bàbá àgbà. Ọkàn bàbá ti dá a dúbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn rí fún odindi oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ̀ máa ń dún fíìn-fíìn bó bá ti gun àtẹ̀gùn mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ayálégbé yìí dùn mọ́ ọn nínú gan-an. Láti ọjọ́ náà, bí Kíákíá bá ti yọ lókèèrè, bàbá á ti pariwo láti orí àga rẹ̀ níwájú ilé: "Àwọn ayálégbé wa ńkọ́? Mélòó ló kú lónìí?"

"Igba ó lé mẹ́rin, Bàbá!"

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì òpópónà gbọ́ ọ títí, kò lè mú un mọ́ra. Lọ́jọ́ kan, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ilé yẹn ṣe!"

Àwo mẹ́jọ ni wọ́n ń kà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin fún sẹ́ẹ̀lì ọkàn, mẹ́rin fún ti ọ̀nà èémí. Wọn á kán aró sínú àwo. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á tilẹ̀kùn mọ́ aró síta, èyí tó ti kú kò ní agbára ìyẹn, aró á wọlé, á sì sọ ọ́ di búlúù. Wọ́n fi ìlà pín ìsàlẹ̀ àwo sí ogún àpótí, gbogbo ogún náà lèèyàn gbọ́dọ̀ kà. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára àwo. Adákẹ́, ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì, nìkan ló mọ ohun tó wà nínú èwo. Á kọ ọ́ sínú ìwé, á fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò rẹ̀ pa, ó di ọjọ́ Ẹtì kó tó ya á, kí ẹni tó ń kà má baà ka ohun tó ń wù ú. Wọ́n ń pè é ní Adákẹ́ nítorí pé ó lè lo ọjọ́ kan gbáko lórí gbólóhùn méjì.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta yìí, Kíákíá ti ka àwo mẹ́fà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Gólì ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn.

"Níbo lo wà? Wọ́n ti ń wọ bàtà o!"

"Ó ku àwo méjì."

"Àwo méjì nígbà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Kọ nǹkan kan síbẹ̀, kó o máa bọ̀! Ṣé wọ́n máa wá bá ẹ tún un kà ni? Bó ò bá dé, ọmọ onígíláàsì yẹn ni wọ́n máa fi rọ́pò ẹ."

"Èyí tó gbá bọ́ọ̀lù sílé wa lẹ́ẹ̀mejì?"

"Òun náà ni."

Jìnnìjìnnì bo Kíákíá. Ogójì ìṣẹ́jú ni àwo kan ń gbà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àǹtí wà ní ìpàdé, Adákẹ́ ń fọ ìgò lọ́ọ̀ọ́kán, ó kẹ̀yìn sí i. "Mẹ́fà tí mo ti kà yìí, wọn ò kúkú yàtọ̀ síra púpọ̀," ló fi tan ara rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé àwo keje sábẹ́ awò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: òkú mẹ́tàlélọ́gọ́ta, alààyè mọ́kànlélógójì. Ó rò ó pé bí òun bá kọ ọgọ́ta tàbí ogójì, wọ́n lè fura, ọgbọ́n yìí sì wú u lórí gan-an. Ó bu tirẹ̀ fún àwo kẹjọ, ó kó bàtà rẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀.

Nígbà tó dé pápá, rẹfiríì kò tíì dé. Alùpùpù rẹ̀ ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ló tó ti alùpùpù náà dé, ó ti làágùn gbẹ. Kíákíá jókòó sórí koríko fún wákàtí kan ààbọ̀, ìyẹn ni pé ì bá ti ka àwo méjèèjì tán, kó sì tún rí àyè bọ́jú. Ṣùgbọ́n wọ́n borí pẹ̀lú góólù kan, òun ló sì gbá a wọlé, nítorí náà kò rò ó mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ará láàbù jókòó yí tábìlì ká gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ẹni tó bá kà ló ń ka iye rẹ̀ síta. Kíákíá gbé ohùn sókè bí akọ̀ròyìn. Nígbà tó kan àwo keje, ó ní, "Òkú mẹ́tàlélọ́gọ́ta, alààyè mọ́kànlélógójì."

Adákẹ́ ya àpò ìwé rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀. Ó wo Kíákíá. Ó tún wo inú rẹ̀.

"Àwo keje," ló wí, "omi lásán àti aró. Mi ò fi sẹ́ẹ̀lì kankan sí i."

Onírùngbọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Àǹtí, fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Wọn kò dẹ pàkúté fún Kíákíá o. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń fi àwo òfìfo sáàárín àwọn tó kù, láti mọ̀ bóyá èèyàn ń ka ìdọ̀tí aró mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ń ṣe é fún Àǹtí fúnra rẹ̀.

Àánú ọmọ náà ṣe Onírùngbọ̀n. Ó ní, "Bóyá ìdọ̀tí aró ló rí, Mà. Èmi náà ka mẹ́sàn-án lọ́dún tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni!" ni Kíákíá fò mọ́ ọn. "Ìdọ̀tí aró ni!"

"Ó dáa," ni Àǹtí wí. "Àwọn mọ́kànlélógójì tó wà láàyè, tí aró ò wọ̀, wá ńkọ́? Àwọn ìdọ̀tí wo nìyẹn?"

Etí Kíákíá gbóná. Ó wo bàtà rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Mi ò kà á, Àǹtí. Mi ò ka ti kẹjọ náà. Bọ́ọ̀lù ni mo lọ gbá."

"Ti ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ńkọ́?"

"Mo kà wọ́n! Lóòótọ́ ni mo kà wọ́n!"

"Mo gbà ẹ́ gbọ́, torí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ́," ni Àǹtí dáhùn. "Àwọn dókítà tó máa ka pátákó wa ò mọ̀ ẹ́ rí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà gbọọrọ gba orí iye ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lẹ́yìn náà, ó pa orúkọ kan rẹ́ ní ìsàlẹ̀ pátákó. Adákẹ́ ló máa tọ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn dàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun tó máa ń wá bọ́ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi pàápàá. Ó kó àwọn àwo náà, ó lọ dà wọ́n nù, ìyẹn ló sì dun Kíákíá jù.

Bó ṣe ń sún mọ́lé, ohùn bàbá ti dún: "Mélòó ló kú lónìí?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu ọmọ náà, ó kù díẹ̀ kó jáde. Ó gbé e mì, ó bú sẹ́kún, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà. Nígbà tí bàbá gbọ́ pé omi lásán ló kú, ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún fíìn-fíìn. Ó yára fa oògùn tó máa ń fẹ́ sí ọ̀fun jáde lápò, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ṣé o rí oògùn yìí?" ló wí, ó gbé e sókè. "Ẹnì kan ti jókòó ka nǹkan kí wọ́n tó gbé e fún mi. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ká ní ó ní bọ́ọ̀lù tó fẹ́ lọ gbá lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Kíákíá di ọwọ́ bàbá mú.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ Adákẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe. Adákẹ́ wò ó títí. "Gba ìbọ̀wọ́," ló wí. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ìgò ni Kíákíá fọ̀. Nígbà tí Adákẹ́ wá bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ Ìsinmi, ó bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró dè é.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ọlidé ni Àǹtí tó gbà kó tún kà, Onírùngbọ̀n sì ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, Kíákíá gbé fóònù rẹ̀ sínú àpò aṣọ iṣẹ́ Adákẹ́. Ó dún níbẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Ní ìgbà kejìlá, Adákẹ́ gbé e. "Ó ń kà," ló sọ fún Gólì, ó sì pa á.

Àwo karùn-ún ló ń kà nígbà yẹn. Ó wo àpótí kìn-ín-ní, kò rí nǹkan kan. Ó wo ìkejì, kò sí. Ó nu ojú awò, ó yí àwo náà po, ó wo gbogbo ogún àpótí lẹ́ẹ̀mejì. Odindi wákàtí kan ó lé ní ogún ìṣẹ́jú ni Kíákíá, ọmọ tí kì í dúró jẹ búrẹ́dì tán kó tó jáde, fi jókòó wo omi.

"Àwo karùn-ún," ló kà síta lọ́jọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "òkú, odo. Alààyè, odo."

Adákẹ́ ya àpò ìwé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òótọ́ ni."

Oògùn náà gba díẹ̀ là nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn. Ti ọ̀nà èémí ṣì ku ìwádìí. Kì í ṣe ìròyìn ńlá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, èèyàn sì lè gbé ẹ̀mí lé e. Àǹtí mú bírò, ó dá orúkọ kan padà sí ìsàlẹ̀ pátákó, lẹ́tà rẹ̀ tín-tìn-tín. Kíákíá wá mọ̀ pé iṣẹ́ tí èèyàn fi irọ́ parí kò tíì parí rárá, ẹlòmíràn ló máa jìyà rẹ̀, bó sì ṣe wù kó yá èèyàn lára tó, òótọ́ ní iye àkókò tó ń gbà.

"Mélòó ló kú?" ni bàbá pariwo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Odo, Bàbá! Odo nínú àwo karùn-ún!"

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sókè. Télọ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó sáré sọdá.

"Ẹ kú oríire! Ẹ ti tún ilé náà ṣe nìyẹn! Ṣé yàrá kankan wà níbẹ̀ tó ṣófo?"

Kíákíá rò ó dáadáa kó tó dáhùn, nítorí pé kò fẹ́ parọ́ mọ́.

"Gbogbo ẹ̀ ló ṣófo, sà," ló wí. "Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì."