Àmì Ohùn Lórí Ìwé Onílé

Ní ọjọ́ kẹta tí ọkọ mi lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn Mùsáfírù, ìwé náà hu àmì. Mo ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé ni mo rí i: àmì òkè méjì, pupa fòò, lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Onílé. Títí di àná, ọ̀rọ̀ náà kò lámì kankan. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ayálégbé náà ṣe fi í sílẹ̀.

Tíṣà ni mí. Ọdún kẹrìnlélógún mi nìyẹn tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá ní Àgbàdo, mo sì mọ̀ pé àmì ohùn kì í dédé hù bí olú. Ẹnì kan ní láti fi í síbẹ̀.

Ọdún 1988 ni. Afọlábí, ọkọ mi, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ilé oníyàrá mẹ́jọ yìí nìkan ni ohun tó fi ń yangàn. Ọdún mọ́kànlá la fi kọ́ ọ. Owó oṣù mi ló ra gbogbo páànù orí rẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá. Síbẹ̀, n kò gbọ́ kí ọkùnrin yìí wí pé “ilé wa” lọ́jọ́ kan. “Ilé mi” ló máa ń wí, níwájú mi, níwájú àlejò. Ó máa ń ká mi lára débi pé oúnjẹ á korò lẹ́nu mi. N kò sọ ọ́ rí.

Mùsáfírù wá láti Ìwó. Pátákó ló ń kọ fún àwọn onísọ́ọ̀bù, kì í sì í gbé pátákó jáde láìkọ́kọ́ mú un wá fún mi. “Màmá Tíṣà, ẹ bá mi wò ó, ṣé bí ohùn ẹ̀ ṣe lọ nìyí?” Káfíńtà kan ní Ìjú ló kọ̀ fún un láti fi àmì sí tirẹ̀. Ó ní àmì dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lára pátákó. Ohun tí ó ní kó kọ ni ISE TI DE. Iṣẹ́ ti dé ló ní lọ́kàn. Kí oṣù tó parí, kò sí oníbàárà tó yà síbẹ̀ mọ́, ó ti ta ayùn rẹ̀ jẹun. Mùsáfírù sọ fún mi pé, “Ohun tí pátákó kà ló ṣẹ, Màmá. Ìṣẹ́ ló dé.” Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò ti rí Mùsáfírù. Ọkọ mi ní ó ti sá lọ. Ìdílé kan láti Èkó, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú wa, ti ń béèrè yàrá, ojú sì ń kán ọkọ mi. Mo tẹ̀ lé e lọ bá akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ní Ifọ̀. Ọkùnrin náà sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ wá àwọn ẹbí ẹ̀ kàn, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Tẹ́nikẹ́ni ò bá dáhùn, kóòtù á fún yín láṣẹ, a ó ṣí i níṣojú ẹlẹ́rìí, ẹ ó kọ gbogbo ẹrù ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì bá a tọ́jú ẹ̀.”

“Ilé tí mo fowó mi kọ́?” ni ọkọ mi wí.

Owó rẹ̀. Mo gbé e mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì.

Ògúnkànmí, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa, ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Ó ní kí ọkọ mi fún Mùsáfírù ní ọjọ́ méje lórí ìwé, tó bá pé, kó ṣí páànù orí yàrá náà kí òjò máa wọlé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ta ló ráyè kóòtù. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ máa ń dùn létí ọkọ mi.

Ó ya ewé kan nínú ìwé ilé ìwé mi, ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: ONILE NI KI O KO JADE LAARIN OJO MEJE. Ó ní kí n kà á. Mo kà á bó ṣe fẹ́ kí n kà á: onílé ní kí o kó jáde. Inú ń bí mi, n kò sọ fún un pé kó fi àmì sí i. Ó fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo pè é wá wo àmì òkè méjì yẹn, èmi ló kọ́kọ́ yíjú sí.

“Ṣé o wá ń máàkì ìwé mi bíi ti ọmọ iléèwé ni?”

“N ò fọwọ́ kàn án.”

“Ta ló tún ní bírò pupa nínú ilé yìí?”

Ní ọjọ́ karùn-ún, àmì ti wà lórí KI, ó ti wà lórí KO, ó ti wà lórí JADE. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo rí èyí tó kù. Àmì òkè ti wà lórí O. Lórí NI, kò sí nǹkan kan. Ká ní NI ló gba àmì ni, tí O sì wà lásán, ayálégbé ni ìwé ń lé. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí yìí, ó ti di nǹkan mìíràn. Onílé ni kí ó kó jáde. Onílé fúnra rẹ̀ ni kó máa lọ.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi. “Bàbá Títílọpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìwé yìí. Ẹ jẹ́ ká padà lọ bá akọ̀wé kóòtù.”

Kò wojú mi. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ìwé náà. “Èmi ni onílé níbí,” ló wí. “Èmi nìkan ṣoṣo.”

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi nù. N kò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ keje, oòrùn wà ní àtàrí. Ògúnkànmí di àkàbà mú, ọkọ mi gùn ún, ó yọ ìṣó, ó sì ṣí páànù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yọjú wo inú yàrá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Ta nìyẹn?” Ohùn tí kì í fi bá èmi sọ̀rọ̀ ni. Ó ki ẹsẹ̀ bọ ihò náà, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

A retí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. A kò gbọ́ nǹkan kan. A pè é títí. Ògúnkànmí gòkè lọ wò ó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ láìdágbére. Àwọn ọlọ́pàá ló fọ́ àgádágodo náà nírọ̀lẹ́. Wọ́n bá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bá búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n bá pátákó tí kò tíì gbọ̀dà. Eruku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wà nílẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, Mùsáfírù wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ilé o, Màmá. Ara ìyá mi ò yá ni. Bàbá ti ní láti sọ fún yín.”

“Bàbá wo?”

“Bàbá tiwa yìí. Mo sọ fún wọn kí n tó lọ, mo tún kọ àdírẹ́sì wa ní Ìwó sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kò sí wàhálà.”

Ó mọ̀. Ọkùnrin yìí mọ ibi tí ayálégbé rẹ̀ wà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì mú mi rin ìrìn-àjò dé kóòtù, ó jẹ́ kí n máa káàánú ọmọlọ́mọ. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Mùsáfírù. Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó tẹjú mọ́ ìwé náà.

“Mo rò pé ìwọ lo fi àmì sí i,” mo wí.

Ó mi orí. “Láti òkè wálẹ̀ ni mo máa ń fa tèmi. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti fa èyí lọ sókè, ìdí ẹ̀ sì nípọn.” Ó gbójú sílẹ̀. “Ọwọ́ yín ni, Màmá Tíṣà.”

Mo wò ó. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo lè fi Bíbélì búra pé n kò fọwọ́ kàn án. N kò lè búra pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú mi.

Mùsáfírù mú bírò pupa kan jáde nínú báàgì rẹ̀. “Tí ẹ bá pa èyí tó wà lórí O rẹ́,” ló wí wúyẹ́wúyẹ́, “tí ẹ fi ọ̀kan sórí NI, bóyá Bàbá á padà wá. Èmi ni ìwé á wá lé. Kò burú, mo mọ ọ̀nà Ìwó.”

Mo gba bírò náà. Mo gbé e sún mọ́ ìwé débi pé ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ni mo ti sùn fún ọgbọ̀n ọdún, mo sì dúró síbẹ̀ títí apá fi ń ro mí.

Mo dá bírò náà padà fún un. Mo ní kó wọlé lọ sinmi. Lẹ́yìn náà ni mo wọ bàtà, mo sì jáde lọ wá káfíńtà tí yóò bá mi kan páànù mi padà.