Ìbò Gunnvor

Ẹ sún mọ́bí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹni tí etí rẹ̀ wúwo wá síwájú. Kọfí ti hó, ìtàn náà ti hó.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni Gunnvor, ọmọbìnrin ìlú Skuggvik, ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Torleiv. Atẹ́gùn gbé fìlà Gunnvor lọ, Torleiv sì ṣí tirẹ̀ dé e lórí. Fìlà náà ń rùn bí ẹja. Gunnvor kò ṣí i títí ó fi délé.

Láti ọjọ́ náà, ọjọọjọ́ Ìsinmi ni Torleiv ń sọdá wá láti Haugnes, ìlú tó wà ní òdìkejì omi. Á mu kọfí, á jẹ wàràkàṣì, á pa Gunnvor àti ìyá rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Kò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rí.

Ara ń fu ìyá Gunnvor. Torleiv ni olórí ìjọba ìbílẹ̀ Haugnes. Gunnvor wà nínú ìgbìmọ̀ Skuggvik, tó fẹ́ dìbò bóyá kí ìlú méjèèjì dà pọ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ Skuggvik sì kó lọ sí Haugnes. Ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì ọgbọọgba. Gunnvor nìkan ni kò tíì sọ tirẹ̀. Bí ìbò bá sì dọ́gba, alága tó fẹ́ ìdàpọ̀ ni yóò pinnu rẹ̀.

"Ìbò rẹ ló ń fẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ará Haugnes kì í sọdá omi lásán. Ìgbà kan tí wọ́n sọdá wá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n gbé lọ."

"Màmá, ìyẹn ti tó igba ọdún."

"Ṣé wọ́n ti dá a padà?"

Gunnvor rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìfura ti wọ ọ́ lára. Nígbà tí Torleiv tún dé, ó bi í pé, "Olólùfẹ́ mi, ṣé o ò ní ọ̀rọ̀ kankan bá mi sọ ni?"

"Mo ní. Àmọ́ ó di ẹ̀yìn ìdìbò."

"Kí ló dé tó fi di ẹ̀yìn ìdìbò?"

Torleiv fọ ife rẹ̀, ó sì lọ. Bí Gunnvor ṣe ń fún wàrà ewúrẹ́, ó ń kọrin pé:

*Omi ló wà láàárín wa,*
*Ọkọ̀ ló sọ omi dọ̀nà;*
*Ta ló wà nínú ọkọ̀ o,*
*Olùfẹ́ ni àbí olè?*

Ọjọ́ ìdìbò pé. Gunnvor rántí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì nawọ́ pé òun kò fẹ́ ìdàpọ̀. Haugnes pàdánù. Ó darí wálé, ó ní, "Màmá, kò ní wá mọ́."

Ọjọ́ kejì ni oòrùn, tí òkè ti bò mọ́ wọn lójú ní gbogbo ìgbà òtútù, ń padà yọ. Gbogbo Skuggvik wà létí omi pẹ̀lú búrẹ́dì dídùn, wọ́n ń retí oòrùn bí ìṣe wọn. Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Torleiv ló sọ̀ kalẹ̀.

"Gunnvor, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo dìbò takò yín."

"Mo ti gbọ́. Òfin ní àfẹ́sọ́nà olórí Haugnes gbọ́dọ̀ bọ́ síta lọ́jọ́ ìdìbò, kó má dìbò. Ká ní mo ti bi ọ́ ṣáájú, ìbò ì bá dọ́gba, à bá sì ti borí yín. Bí mo bá sì sọ ìdí tí mo fi dákẹ́, mo ti bi ọ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ gba ìbò rẹ lọ́wọ́ rẹ, ìfẹ́ mi."

Gunnvor bú sẹ́kún ayọ̀. Ó ní òun gbà.

Ìyá rẹ̀ wo Torleiv tẹsẹ̀ torí. "Níbo lẹ ó ti ṣègbéyàwó?"

"Níbi tí agogo yín wà, Màmá."

Ìyá ní, "Ó dáa. N óò gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó kú." Ó sì ti búrẹ́dì tó tóbi jù sí Torleiv lọ́wọ́.

Oòrùn yọ. Gbogbo wọn jẹ, wọ́n yó, wọ́n fi orin darí sílé. Ẹ̀yin náà, ẹ mú búrẹ́dì yín, kí oníkálukú máa relé rẹ̀.