Ẹni Tó Ń Jáde Nínú Ihò Ló Ni Ọ̀nà

Ní ọdún 1982, òjò tètè dáwọ́ dúró ní abúlé Òkè-Àgbọn, lọ́nà Tẹ̀dé. Kí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 tó parí, kànga agbo-ilé Ońdù ti gbẹ kanlẹ̀. Bí ènìyàn bá ju péèlì sí i, òkúta ni yóò dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Àwáwù, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Ràsáàkì, bẹ ojú wo ìkòkò omi rẹ̀. Èyí tó kù nínú rẹ̀ kò tó ṣe àlùwàlá.

"Àpọ́nlé!" Ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Wá okùn jáde. Inú ihò náà la tún ń lọ."

"Háà, Ìyá. Nígbà tí mo fẹ́ ọmọ yín, ẹ kò sọ fún mi pé ìyàwó òkété ni n ó dà."

"Bí o bá ti pọn omi tán, kí o máa bá àwọn òkété ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣeré."

Ihò Olómitútù ni ihò tí wọ́n ń sọ. Ó wà lábẹ́ àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn abúlé, omi kì í sì í gbẹ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilé méjì ló ń pọn ọ́n, ilé Ońdù àti ilé Jagun. Ilé kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀. Wọn a so ó mọ́ igi òrí tó wà lẹ́nu ihò, wọn a máa tú u bí wọ́n ti ń wọlé, kí ọwọ́ wọn lè rí ohun dìmú padà bí iná bá kú.

Ọ̀nà tóóró lèèyàn yóò kọ́kọ́ tọ̀, títí yóò fi dé ibi tó fẹ̀ díẹ̀, tí àwọn obìnrin ń pè ní Pálọ̀. Lẹ́yìn Pálọ̀ ni Ìtẹríba. Níbẹ̀, òrùlé àpáta wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè kọjá láì tẹríba. Omi dé orúnkún, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà sì gbà. Ẹ̀yìn Ìtẹríba ni omi mímu wà.

Lọ́dún mìíràn, ilé méjèèjì kì í pàdé, nítorí wọ́n pín ọjọ́. Lọ́dún yìí, òǹgbẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí ọjọ́ tí wọ́n pín.

Àwáwù ló ṣáájú àwọn obìnrin ilé Ońdù, àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀; márùn-ún ni wọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Pálọ̀ ni ó rí ìmọ́lẹ̀ mìíràn lẹ́nu Ìtẹríba. Ìmọ́lẹ̀ náà kéré, ó pọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí!"

"Òo! Ẹ káàbọ̀, Ìyá."

Àdìjátù, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé Jagun, ló dáhùn. Ó mọ ohùn Àwáwù. Ojúọlápé, àbígbẹ̀yìn Àwáwù, ni ìyàwó tuntun ilé Jagun, nítorí náà àna ni obìnrin yìí jẹ́ fún gbogbo wọn. Àdìjátù gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó fi okùn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú omi.

"Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"A dúpẹ́, mà."

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà, mà."

"Omi ńkọ́?"

"Omi pọ̀, Ìyá. A dúpẹ́."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò bá ẹ̀kọ́ ilé mu. Ṣùgbọ́n iná àwọn ará Jagun ti ń kú lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọn omi. Mẹ́rin ni wọ́n, orí sì ń fọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó kẹ́yìn wọn ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo èyí ni Àdìjátù kò sọ. Ta ni yóò máa ka àìsàn sí àna létí níbi tí kò ti tíì kí i tán?

"Ẹ máa bọ̀, Ìyá. Àwa yóò padà sẹ́yìn fún yín."

"Má ṣe ìyọnu, ọmọ mi."

"Háà! Ká ní kí àgbà dúró dè wá? Ó tì o."

Ó kọjú sẹ́yìn, ó sì ti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ padà gba Ìtẹríba, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹrù omi. Àwọn ará Ońdù tẹ̀lé wọn. Àwáwù gbóòórùn èéfín díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni aṣọ rẹ̀ kì í rùn èéfín?

Àpọ́nlé ló kẹ́yìn. Ó rí okùn méjì tó lọ́ mọ́ra wọn nílẹ̀. Kí ẹsẹ̀ má baà kọ́ ẹnikẹ́ni, ó gbé okùn ilé Jagun sórí òkúta kan lápá òsì. Inú rere ló fi ṣe é.

Wọn kò tíì rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì kan tí iná ilé Jagun fi kú. Iná Àwáwù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀.

"Okùn wa dà?" Àdìjátù ti padà sẹ́nu Ìtẹríba, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn. "Ibí ni mo fi í sí! Okùn wa dà?"

Ohun kan ṣubú sínú omi, ó wúwo. Àwáwù gbé àtùpà súnmọ́ ọn. Ojúọlápé ni.

Àwáwù kò mọ̀ pé ọmọ òun wà níbẹ̀. Òun ti ní kí ó má ṣe wọ ihò mọ́, nítorí oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Ẹni tó bì lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Wọ́n da gbogbo omi nù. Okùn ilé Ońdù nìkan ni ọwọ́ wọn tẹ̀, òun náà ni àwọn mẹ́jọ yòókù dìmú, tí wọ́n fi wọ́ Ojúọlápé gba Ìtẹríba kọjá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ìmọ́lẹ̀ ìta. Ọkọ̀ tó kó iṣu ló gbé e dé ilé ìwòsàn ní Tẹ̀dé.

Ó yè. Oyún náà kò dúró. Nọ́ọ̀sì ní obìnrin ni. Wọ́n sin ín sí ìdí ọgbà ilé ìwòsàn, Àwáwù sì fi ẹsẹ̀ rìn wálé, kò wọ ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ó lọ sí ilé Jagun. Àdìjátù kúnlẹ̀, kò lè wò ó lójú.

"Mo bi ọ́ pé ṣé dáadáa lẹ wà."

"Ẹ bi mí, Ìyá."

"O ní ẹ dúpẹ́."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ kí mi. Bí àgbà bá kí ènìyàn, ṣé ènìyàn máa ń sọ pé kò dáa ni?"

 Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ẹni mẹ́ta ló ti bi Àwáwù náà bí ara ti rí. Gbogbo wọn ló dá lóhùn pé a dúpẹ́.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ Sàlàkọ́, baálé ilé Jagun. Cornelius Mákindé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Baba Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, nítorí ó ṣe iṣẹ́ ìwakùsà ní Jọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlá. Ó ti lọ wo ẹ̀yìn àpáta. Ó rí i pé àwọn kan finá sí igbó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lé ọ̀yà, èéfín rẹ̀ sì gba ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára àpáta wọlé, ó kún ẹ̀yìn Ìtẹríba.

"Iná tó ń kú yẹn ló ń bá yín sọ̀rọ̀," ó ní. "Ibi tí àtùpà kò bá ti lè mí, ènìyàn náà kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní kùsà tiwa, bí ẹgbẹ́ méjì bá pàdé nínú ihò, ẹni tó ń jáde ló ni ọ̀nà. Ẹni tó ń wọlé ni yóò padà síbi tó fẹ̀, yóò fara ti ògiri, yóò rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà tàn sí ẹnikejì lójú."

"Bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ló ń wọlé?" Sàlàkọ́ béèrè.

"Bó tilẹ̀ jẹ́ òyìnbó tó ni kùsà."

"Kí ìyàwó ilé mi wá dúró gangan níwájú àna, kó má kúnlẹ̀? Baba Jọ́ọ̀sì, ṣé ayé ò ní bú wa?"

"Ní gbangba, kó kúnlẹ̀ títí eékún rẹ̀ yóò fi bó. Nínú ihò, ẹni tó bá kúnlẹ̀ ti di ìlẹ̀kùn tó tì mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá jọ̀wọ́ okùn rẹ̀ torí pé ó fẹ́ kíni, kí ni yóò wá dìmú?"

"Ìkíni ńkọ́?" Àwáwù béèrè. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

Baba Jọ́ọ̀sì yíjú sí i. "Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn, Ìyá Ràsáàkì. Kí ẹ tó rí ara yín rárá, ẹ ké sí ara yín láti òkèèrè. Ta ni? Mélòó? Ẹ ń wọlé ni tàbí ẹ ń jáde? Báwo ni iná yín? Ẹ má bi ara yín léèrè ṣé dáadáa ni, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tí ẹnu yóò sọ. Iná ni kí ẹ béèrè. Iná kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé."

Àpọ́nlé, tó tẹ̀lé ìyá ọkọ rẹ̀ wá, sọ pé òun lòun gbé okùn. Ó ń sunkún.

"Okùn ẹlòmíràn, a kì í fọwọ́ kàn án," Baba Jọ́ọ̀sì wí. "Bó ṣe wù kó dí ọ̀nà tó. Gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀."

Èéfín ṣí kúrò nínú ihò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ṣùgbọ́n oṣù kejì kò tíì parí tí igbó tún fi gbiná lápá mìíràn lẹ́bàá àpáta náà, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ní abúlé.

Ojúọlápé ti wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà náà, ara rẹ̀ kò tíì yá tán. Kò sí omi tí wọn yóò fi se àgbo fún un. Àwáwù kó àwọn obìnrin rẹ̀, wọ́n wọlé.

Wọ́n wà láàárín Pálọ̀ àti Ìtẹríba nígbà tó ké sí òkùnkùn. "Ońdù ni! Àwa márùn-ún! A ń wọlé!"

Kò sí ohùn. Ó tún ké. Lẹ́yìn náà ni Àdìjátù dáhùn.

"Jagun ni! Àwa mẹ́fà! À ń jáde!"

"Báwo ni iná yín?"

Ó dákẹ́. Àwáwù mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó mọ̀ pé "a dúpẹ́" ló ń wá ọ̀nà jáde nínú rẹ̀.

"Àdìjátù! Báwo ni iná yín?"

"Kò dáa, Ìyá! Ó ń kú! Ẹ padà! Ẹ má dúró ní Pálọ̀, ẹ padà síta pátápátá!"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń jágbe mọ́ àgbà," obìnrin kan wí lẹ́yìn Àwáwù.

"Padà," Àwáwù sọ fún un. "Ó ti dáhùn."

Wọ́n padà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ọwọ́ wọn lórí okùn tiwọn, ẹsẹ̀ wọn ń kọjá lórí ti ilé Jagun. Nídìí igi òrí, Àwáwù dúró, ó ń ka àwọn tó ń jáde. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Ẹ̀karùn-ún ń wúkọ́. Àdìjátù ló kẹ́yìn, nítorí ó ti àwọn yòókù ṣáájú. Ó rí Àwáwù, ó rántí bí òun ti ṣe jágbe, eékún rẹ̀ sì fẹ́ kanlẹ̀.

Àwáwù gbá a mú ní apá kí ó tó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin mẹ́fà," ó ní. "Mo kà yín. Ẹ pé."

Ẹ̀yin ará wa tó ń pọn omi nínú ihò, ẹ̀yin tó ń gbẹ́ kànga, ẹ̀yin tó ń wa òkúta iyebíye: bí ẹ bá pàdé ẹgbẹ́ mìíràn nínú ihò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń jáde kọjá, ọmọdé ni o, àgbà ni o. Ẹ dúró síbi tó fẹ̀. Ẹ má jọ̀wọ́ okùn yín, ẹ má sì fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn. Ẹ sọ iye yín, kí ẹ sì ka ara yín níta. Bí iná bá ń kú, bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ má fi ìtìjú bò ó. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí ọmọ tó bá ní kí ẹ padà. Ọ̀wọ̀ yín kò ní sọnù nínú òkùnkùn. Ìta ni ó wà, ó ń dúró dè yín. Kí ẹ ṣáà jáde wá bá a.